Tilonia: bí àwọn ìyá àgbà tí kò kàwé ṣe di oníṣẹ́ iná oòrùn

Nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà nídìí iná oòrùn, èyí tí ojú gbogbo èèyàn ń rí ni ti ẹni tó gun òrùlé lọ de páńẹ́ẹ̀lì mọ́ páànù, tó fa wáyà wọlé, tó so ó mọ́ bátìrì, tí iná sì tàn. Iṣẹ́ yẹn gan-an ni àwọn obìnrin kò tíì rí wọ̀. Ní ọdún 2022, IRENA, àjọ tí àwọn ìjọba àgbáyé dá sílẹ̀ láti máa rí sí agbára tí kì í tán, gbé ìwádìí jáde lórí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ sólà káàkiri ayé. Wọ́n ní nínú 100 òṣìṣẹ́, 40 jẹ́ obìnrin. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú iṣẹ́ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, obìnrin jẹ́ 58 nínú 100 ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ̀wé tí wọ́n sì ń tọ́jú fáìlì. Láàárín àwọn ọ̀gá àgbà, 13 ni wọ́n. Láàárín àwọn tó ń so páńẹ́ẹ̀lì, 12 péré.

Àlàyé tí wọ́n sábà máa ń ṣe fún wa ni pé obìnrin kò fẹ́ iṣẹ́ àkàbà, pé ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ kò wù wọ́n, pé ọkàn wọn wà nílé. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà tó fọ́ àlàyé yìí pátápátá, abúlé kan ní Íńdíà ló sì ti ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní kíkún, ibi tó ti dára àti ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó, nítorí pé àwọn tó ń ròyìn rẹ̀ máa ń dúró sórí ibi tó dùn, wọn kì í dé ibi tó ṣòro.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Tilonia wà ní agbègbè Ajmer, ní ìpínlẹ̀ Rajasthan. Ilẹ̀ gbígbẹ ni. Òjò kì í tó, oòrùn kì í sì í wọ́n. Ní 1972 ni Sanjit Roy, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Bunker Roy, dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀, òun la mọ̀ lónìí sí Barefoot College. Ọmọ ilé ọlá ni Roy. Doon School ló lọ, ó tún lọ sí St. Stephen's College ní Delhi, ó sì gba ipò kìn-ín-ní nínú eré squash ní gbogbo Íńdíà. Ìyàn tó mú ní Bihar, ìpínlẹ̀ kan ní Íńdíà, ní àárín àwọn ọdún 1960 ló yí ìgbésí ayé rẹ̀ padà. Ó fojú ara rẹ̀ rí ebi, ó sì padà wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé abúlé lòun fẹ́ máa gbé. Ọdún márùn-ún ló fi bá wọn gbẹ́ kànga bíi lébìrà.

Nígbà tó dé Tilonia, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀, àwọn àgbà ibẹ̀ bi í bóyá ọlọ́pàá ló ń wá a, bóyá ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, tàbí bóyá kò ríṣẹ́ ìjọba ni. Nígbà tó ṣàlàyé ohun tó bá wá, ìmọ̀ràn kan ni wọ́n gbà á: kó má ṣe mú ẹnikẹ́ni tó ní dìgírì wọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó gba ìmọ̀ràn wọn.

Láti inú ìpinnu yẹn ni gbogbo ìyókù ti jáde. Bí ẹ bá ti gbé dìgírì kúrò lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tó máa wọlé yóò yàtọ̀. Darandaran wọlé. Àwọn tí ìdílé wọn jẹ́ ẹ̀yà tí àwọn Híńdù kà sí ìsàlẹ̀ wọlé. Àwọn abirùn wọlé. Àwọn obìnrin tí wọn kò rán nílé ìwé rí wọlé. Àtẹ́lẹ̀ ni gbogbo wọn ń jókòó sí jẹun, owó oṣù kò sì ga fún ẹnì kankan: ní 2011, Roy ní kò sẹ́ni tó ń gbà ju 100 dọ́là lọ lóṣù. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni iná oòrùn ti ń tan gbogbo ilé wọn. Ní ibi ìdáná wọn, dígí ńlá tí wọ́n ń pè ní Scheffler ló ń kó ìtànṣán oòrùn jọ sí ìdí ìkòkò. Obìnrin ló ń wọn irin rẹ̀, obìnrin ló ń tẹ̀ ẹ́, obìnrin ló ń jó o pọ̀. Mo mẹ́nu kan èyí nítorí àwọn tó rò pé iṣẹ́ obìnrin nídìí oòrùn kò lè kọjá kó máa nu páńẹ́ẹ̀lì. Bí irin Scheffler bá wọ́ díẹ̀, ìtànṣán kò ní pàdé níbi kan náà, ìkòkò kò sì ní hó. Iṣẹ́ ìwọ̀n pípéye ni, àwọn tí kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà ló sì ń ṣe é.

Ìdí tó fi jẹ́ ìyá àgbà

Wọn kò fi obìnrin bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkùnrin wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ní iṣẹ́ sólà, iṣẹ́ náà sì yé wọn dáadáa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò jọ wá lójú níhìn-ín: bí ọwọ́ wọn ti tẹ ìwé ẹ̀rí, wọ́n gba ìlú ńlá lọ. Páńẹ́ẹ̀lì wà lórí òrùlé, bátìrì wà nínú ilé, ẹni tó lè tún un ṣe ti wọ ọkọ̀. Ó di ọ̀rọ̀ tí Roy ń sọ kiri ayé pé ọkùnrin kò ṣeé kọ́: ara wọn kì í balẹ̀, wọ́n fẹ́ máa rìn kiri, gbogbo wọn ló sì ń wá ìwé ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ náà le jù lójú tèmi. Ẹni tó bá rí owó tó nílàárí ní abúlé rẹ̀ kò ní fẹ́ lọ sùn lábẹ́ afárá nílùú ńlá, ọkùnrin ni o, obìnrin ni. Ṣùgbọ́n ohun tó rí, òótọ́ ni.

Ẹni tí kò ní lọ ni wọ́n wá kiri. Wọ́n rí i pé ìyá tó ti tó ọdún 35 sí 50, tó ti bímọ, tí òmíràn ti ní ọmọ-ọmọ, tí oko rẹ̀ àti ewúrẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, òun ni yóò dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí èyí. Kì í ṣe àánú ló mú wọn yan obìnrin, kì í sì í ṣe pé wọ́n fẹ́ ya fọ́tò fún àwọn olówó ìrànwọ́. Iṣẹ́ ló pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn kà sí àbùkù lára rẹ̀, pé ó ti dàgbà, pé ọmọ so mọ́ ọn, pé kò lè kúrò nílé, ohun náà gan-an ni wọ́n fi yàn án.

Àwọn ará abúlé ló ń yan ẹni tí yóò lọ, níbi ìpàdé. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa bójú tó iná, tí wọ́n sì ti ń fẹnu kò sí iye tí ilé kọ̀ọ̀kan yóò máa san lóṣù. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣírò owó náà wù mí: wọ́n á bi ìdílé kọ̀ọ̀kan iye tó ń ná lórí kẹrosíìnì, àbẹ́là àti bátìrì tọ́ọ̀ṣì lóṣù, wọ́n á sì fi owó iná sí ìwọ̀n yẹn. Kò sẹ́ni tó máa san ju ohun tó ti ń san sínú òkùnkùn tẹ́lẹ̀. Nínú owó yìí ni wọ́n ti máa ń fún ìyá tó kọ́ṣẹ́ ní owó oṣù rẹ̀, ìyókù á wà nípamọ́ fún ohun èlò tó bá bàjẹ́.

Ní 2008 ni ìjọba Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí san owó ọkọ̀ òfuurufú àti owó ìtọ́jú àwọn obìnrin tó ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá, lábẹ́ ètò ìrànwọ́ kan tí wọ́n ń pè ní ITEC. Àwọn obìnrin Afgánístàn ti dé ṣáájú ìgbà yẹn. Wọn kò gbà kí wọ́n dá rìn, nítorí náà Roy ní kí àwọn ọkọ wọn bá wọn wá. Láti ìgbà náà, obìnrin tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ti gba Tilonia kọjá, láti Áfíríkà, Éṣíà, Látìn Amẹ́ríkà àti àwọn erékùṣù òkun Pàsífíìkì.

Oṣù mẹ́fà nídìí tábìlì

Ẹ wo ohun tí olùkọ́ máa bá nínú kíláàsì bẹ́ẹ̀. Ìyá kan ti Málì wá, èkejì ti Gùàtémálà wá, ẹ̀kẹta ti Fíjì wá. Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè ẹnìkejì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí kí wọ́n tó wá, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ kúrò ní agbègbè wọn rí. Oúnjẹ ibẹ̀ kò bá ẹnu wọn mu. Àwọn ọmọ wà nílé. Olùkọ́ fúnra rẹ̀, obìnrin Rajasthan ni, kò kàwé púpọ̀, Tilonia yìí náà ló ti kọ́ṣẹ́.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ara wọn, ojú ni wọ́n fi ń gbà á. Olùkọ́ á gbé ẹ̀yà kan sókè, á pe orúkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo wọn á pè é tẹ̀lé e títí yóò fi rọ̀ lẹ́nu. Àwòrán ńlá wà lára ògiri tó ń fi àwọ̀ hàn ibi tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń lọ lórí bọ́ọ̀dù. Àwọn ìyá á yà á sínú ìwé wọn. Lẹ́yìn náà ni irin gbígbóná tí wọ́n fi ń yọ́ òjé á bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n á máa lẹ àwọn ẹ̀yà náà mọ́ bọ́ọ̀dù, wọ́n á tú u, wọ́n á tún lẹ̀ ẹ́.

Àwọn kan gbà pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi àwọ̀ kọ́ èèyàn kò lè jẹ́ ẹ̀kọ́ gidi. Ẹni tó bá ti tú rédíò rí mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Resistor, ẹ̀yà kékeré tó ń dí iná lọ́nà kó má bàa pọ̀ jù, àwọ̀ ni wọ́n fi ń mọ iye rẹ̀ ní gbogbo àgbáyé. Ìlà ni wọ́n fà yí i ká: dúdú dúró fún òdo, bráwùn fún oókan, pupa fún eéjì, àwọ̀ ọsàn fún ẹẹ́ta, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí tó fi dé funfun tó jẹ́ ẹẹ́sàn-án. Ẹni tó gba dìgírì ẹ̀rọ ní yunifásítì àti ìyá tó ti Málì wá, àwọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń kà. Ohun tí Tilonia ṣe ni pé wọ́n wo iṣẹ́ náà dáadáa, wọ́n ya ohun tí iṣẹ́ nílò sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ilé ìwé fi kún un.

Àárín gbogbo ẹ̀kọ́ náà ni kọ̀ntírólà, àpótí kékeré tó wà láàárín páńẹ́ẹ̀lì àti bátìrì. Bí bátìrì bá kún, kọ̀ntírólà ni yóò dí iná tó ń ti òkè bọ̀ kí bátìrì má bàa hó. Bí bátìrì bá fẹ́ gbẹ, òun náà ni yóò gé iná gílóòbù kó má bàa gbẹ tán, nítorí bátìrì olómi tí wọ́n bá ń fà gbẹ léraléra kò ní pẹ́ kú. Ìyá tó bá lè to kọ̀ntírólà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tó sì lè fi tẹ́sítà wá ibi tí iná ti já, kò sí ohun tó lè bàjẹ́ nínú sólà ilé kan tí kò ní rí. Wọ́n tún ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń so páńẹ́ẹ̀lì, bí wọ́n ṣe ń fa wáyà, bí wọ́n ṣe ń to àtùpà LED, àti bí wọ́n ṣe ń ṣe ìnfátà.

Nígbà tí wọ́n délé

Ìyá kan kò lè fi oṣù mẹ́fà sílẹ̀ nílé kí ilé má mì. Roy máa ń ròyìn ọkọ obìnrin kan ní Gáḿbíà tó kọ̀ jálẹ̀ nítorí ẹ̀rù ń bà á pé ọkùnrin Íńdíà yóò gba ìyàwó òun. Obìnrin náà lọ nígbẹ̀yìn. Nígbà tó padà, ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú, ó sì dá àwọn oníròyìn lóhùn bí ẹni tó ti ń ṣe é láti kékeré.

Ìtàn Sàró (Sierra Leone) ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Mínísítà kan ń kọjá lóru, ó rí iná ní abúlé tí kò yẹ kí iná wà. Ó yà síbẹ̀, wọ́n sì sọ fún un pé àwọn ìyá àgbà méjì tó lọ sí Íńdíà ni wọ́n ṣe é. Ọ̀rọ̀ dé etí ààrẹ. Ààrẹ ní kí Roy bá òun kọ́ 150 ìyá àgbà. Roy fèsì pé òun kò lè kọ́ wọn, àwọn ìyá wọ̀nyẹn ni yóò kọ́ wọn. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ ibùdó ìkọ́ṣẹ́ kan ní Konta Line, ní agbègbè Port Loko. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, èyí ló fi hàn jù pé iṣẹ́ náà wọ̀ wọ́n lára: akẹ́kọ̀ọ́ di olùkọ́ ní ilẹ̀ ara rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2016, nígbà tí Narendra Modi, olórí ìjọba Íńdíà, lọ sí Dar es Salaam ní Tànsáníà, ó pàdé àwọn bíi ọgbọ̀n obìnrin Áfíríkà tó ti kọ́ṣẹ́ náà.

Ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀

Ètò náà gbára lé owó oṣooṣù, owó oṣooṣù sì gbára lé àwọn àgbẹ̀ tó ń rí owó lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ní oṣù tí kò sí ìkórè, ilé mẹ́ta á dákẹ́, lóṣù tó tẹ̀lé e ó di ilé mẹ́wàá. Ẹni tí àìsanwó yìí kọ́kọ́ ń bá ni ìyá tó ń tún iná ṣe, nítorí pé òun náà ló ń bá wọn gbé, kò sì lè gé iná ìyá ọkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni bátìrì olómi ń lò bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Bí owó tó yẹ kó wà nípamọ́ kò bá pé nígbà tí bátìrì bá kú, abúlé á padà sínú òkùnkùn. Iṣẹ́ kò sí lọ́wọ́ ìyá náà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ rẹ̀ kò dín kù. Ó dùn mí nígbà tí mo bá ń ka ìròyìn tó parí síbi tí iná ti tàn lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí ọdún kẹrin ló yẹ kí wọ́n lọ wò.

Ọjà náà sì ti yí padà. Nígbà tí Tilonia bẹ̀rẹ̀, àtùpà sólà jẹ́ ohun tí èèyàn ń tò. Lónìí, àtùpà tí wọ́n ti dì pa láti ilé-iṣẹ́ kún ọjà, bátìrì líthíọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀, owó rẹ̀ kò pọ̀. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ rà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí ó bá bàjẹ́, ẹ ó sọ ọ́ nù ni, kò sí ẹnu tí ẹ máa gbà ṣí i. Ẹni tó yàwòrán àtùpà bẹ́ẹ̀ ti pinnu, láìmọ̀, pé obìnrin abúlé lè tà á, kò lè tún un ṣe. Ó yẹ kí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa gbígba obìnrin síṣẹ́ sólà máa bèèrè bóyá ìdè tó ṣeé tú wà lára ohun tí wọ́n ń kó wọlé.

Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí ni mo fẹ́ dúró lé jù. Tilonia kì í fún àwọn ìyá wọ̀nyí ní ìwé. Roy ní àwọn ará abúlé tí ìyá náà ń ṣiṣẹ́ fún ni ẹ̀rí rẹ̀, èèyàn kò nílò bébà lára ògiri. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, ìwé ló gbé àwọn ọkùnrin lọ sí ìlú ńlá. Síbẹ̀, èmi kò gbà. Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ sólà ilé ìwòsàn síta, ìwé ni wọ́n ń bèèrè. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan bá ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó páńẹ́ẹ̀lì ní abúlé mẹ́wàá, ìwé ni wọ́n ń bèèrè. Ìyá tó to kọ̀ntírólà igba á dúró sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ka ìwé nípa kọ̀ntírólà á gba iṣẹ́ náà.

Ilẹ̀ wa ti yanjú èyí tipẹ́. Ọmọ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán tàbí iṣẹ́ mẹkáníìkì, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ìwé mẹ́wàá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Òbí á mú un wá, wọn á fọwọ́ síwèé àdéhùn, á bẹ̀rẹ̀ sí gbálẹ̀, á máa wo ọ̀gá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá gba fíríìdọ̀mù, wọn á pe ẹgbẹ́, wọn á gbàdúrà, wọn á gbé ìwé ẹ̀rí lé e lọ́wọ́, á sì gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ẹgbẹ́ mọ̀ ọ́n, oníbàárà mọ̀ ọ́n. Tilonia ṣe apá kìíní, kò ṣe apá kejì. Apá kejì ni ìyá àgbà fi lè gba iye tó tọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iná ìgbèríko, REA, gba ọ̀nà mìíràn nínú ètò tó gbé iná sí àwọn yunifásítì. Yunifásítì Alex Ekwueme ní Ebonyi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jàǹfààní, pẹ̀lú iná sólà mẹ́gáwáàtì 2.8 tí wọ́n ṣí ní 2019. Wọ́n yan àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó ń ka ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ lórí ilẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé-iṣẹ́ iná náà. Ìgbésẹ̀ tó dára ni, mo sì fẹ́ kó tẹ̀síwájú, nítorí àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyẹn ni yóò di ọ̀gá lọ́la, níbi tí 13 nínú 100 ti kéré jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti wọ yunifásítì ni ètò náà mú dání. Ìyá tó ń ta ata lábúlé tí wọ́n ń gbé iná sólà àjùmọ̀lò wọ̀, kò sí ẹnu ọ̀nà kan fún un níbẹ̀.

Zanzibar

Ní 2015, Barefoot College ṣí ibùdó kan ní Kinyasini, ní Unguja, ọ̀kan lára àwọn erékùṣù Zanzibar ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Àwọn ará Zanzibar mọ ohun tí àìsí iná jẹ́: wáyà abẹ́ òkun ló ń gbé iná wá fún wọn láti ilẹ̀ Tànsáníà, nígbà tó sì bàjẹ́ ní ìparí 2009, nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni erékùṣù náà fi wà nínú òkùnkùn.

Ohun tó yí padà ní Kinyasini ju ibi tí ilé wà lọ. Èdè Swahili ni wọ́n fi ń kọ́ wọn, nítorí náà ìyá lè bèèrè ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí, kò pọn dandan kó kàn máa wo ọwọ́ olùkọ́. Kò sí ọkọ̀ òfuurufú, kò sí físà, ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n sì lè wá wo ibi tí ìyá wà. Yàtọ̀ sí iná, wọ́n ń kọ́ wọn ní ìṣirò owó, ìtọ́jú ara, ẹ̀tọ́ wọn àti òwò, lábẹ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n pè ní Enriche. Wọ́n tún ń kọ́ àwọn obìnrin ní aṣọ rírán àti oyin sísìn. Lójú mi, ìdáhùn ni èyí jẹ́ sí oṣù tí ilé mẹ́wàá kò san owó iná: ìyá tó ní òwò mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ní pa iṣẹ́ tì nítorí pé ìkórè pẹ́.

Bí mo bá jẹ́ ẹni tó ń fún ilé-iṣẹ́ sólà ní owó láti wọ abúlé kan, ohun tí mo máa fi sínú ìwé àdéhùn wọn kò pọ̀. Kí wọ́n kọ́ obìnrin méjì ó kéré tán ní abúlé náà, kí wọ́n máa kọ́ méjì pọ̀ kí ẹnì kan má bàa dá rù ú, kí wọ́n sì fi èdè tí wọ́n ń sọ nílé kọ́ wọn láti ọjọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí ri òpó mọ́lẹ̀. Kí owó ìtọ́jú má ti ọwọ́ aládùúgbò wá, ilé-iṣẹ́ ni kó máa san án fún wọn lóṣooṣù, bó ṣe ń san ti àwọn tó wà ní ọ́fíìsì. Kí owó bátìrì tuntun wà ní báńkì láti ọdún kìíní, kí àwọn obìnrin náà sì wà lára àwọn tó ń fọwọ́ síwèé kí owó náà tó jáde. Lẹ́yìn ọdún kan tí wọ́n bá ti ń tún iná ṣe láìsí ẹni tó ń dúró tì wọ́n, kí ìjọba ṣe ìdánwò ọwọ́ fún wọn níwájú páńẹ́ẹ̀lì, láìfi bíírò àti ìwé ṣe é, kí ẹni tó bá yege gba ìwé tí wọ́n á fi lè gbé iṣẹ́ ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ fún un.